Jẹ́ẹ̀tì Ológun Nínú Yàrá Abẹ́ Ilé Wa: Bí A Ṣe Ṣe F-16 Ńlá Tí A Ń Fi Rédíò Darí

Lóṣù yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè ṣe jẹ́ẹ̀tì ológun nínú ilé. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì gidi. Módẹ́ẹ̀lì ni. Ó jọ ti gidi, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè wọ inú rẹ̀. Orí ilẹ̀ la máa ń dúró sí tí a ó fi rédíò darí rẹ̀. Kì í sì í ṣe irú kékeré tí wọ́n ń tà nínú páálí ní ṣọ́ọ̀bù. Tiwa gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 2. Tí a bá gbé e nàró, ó ga ju dádì mi lọ. Dádì mi, Ọ́ńkù mi tí ó jẹ́ àbúrò dádì, àti èmi la jọ ṣe é nínú yàrá abẹ́ ilé wa. Oṣù mẹ́jọ ló gbà wá.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bi mí ni pé, "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó lágbára?" Ẹ́ńjìnnì ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ òun kọ́ ló le jù. Ohun tó le jù ni kí ọkọ̀ náà fúyẹ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín, orí ọ̀rọ̀ ìwúwo ló dá lé.

Kí ló dé tí a fi mú F-16?

Ìlú Clinton là ń gbé, nínú Prince George's County. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ̀ pé Joint Base Andrews ò jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú Ààrẹ Amẹ́ríkà ti máa ń gbéra. Ibẹ̀ náà ni àwọn F-16 ti 113th Wing wà. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ òfurufú Washington, tí í ṣe olú-ìlú.

Ẹ rántí ọjọ́ Sunday, June 4, ọdún 2023? Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nǹkan kan dún gbòà! Àwọn èèyàn gbọ́ ọ ní Washington, wọ́n gbọ́ ọ ní Maryland, wọ́n gbọ́ ọ ní Virginia. Àwọn kan rò pé bọ́ǹbù ni, àwọn mìíràn ní ilẹ̀ ló mì. F-16 láti Andrews ni. Wọ́n ń lé ọkọ̀ òfurufú kékeré kan tí awakọ̀ rẹ̀ ò dáhùn lórí rédíò, wọ́n sì sáré ju ìró lọ. Tí ọkọ̀ bá sáré ju ìró lọ, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ ò ráyè yà fún un mọ́. Afẹ́fẹ́ náà á wọ́ jọ, á di ìgbì ńlá kan, ìgbì yẹn ló ń dún bí àrá nígbà tó bá kàn wá lára. Ó ṣeni láàánú pé ọkọ̀ kékeré náà já lulẹ̀ ní Virginia, àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi dádì mi ní ìbéèrè lórí F-16, títí ó fi ní, "Ó dáa, jẹ́ ká ṣe ọ̀kan, wàá rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́."

Ọdún 1974 ni F-16 kọ́kọ́ fò. Wọ́n ti ṣe ju 4,500 lọ. Orúkọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un ni Fighting Falcon, ẹyẹ falcon sì jọ àṣá wa dáadáa. Ẹ mọ àṣá, ẹyẹ tó máa ń já láti òkè wá gbé òròmọdìyẹ. Nítorí náà, Àṣá ni a sọ módẹ́ẹ̀lì wa.

Nígbà tí Grandma mi gbọ́, inú wọn ò dùn. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ ogun? Kí lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ogun ṣe nínú ilé?" Grandma wà ní ọmọdé ní Èkó lọ́dún 1967, nígbà ogun Bìáfírà, tí ọkọ̀ òfurufú wá ju bọ́ǹbù sí Èkó. Wọ́n sọ fún mi pé títí di òní, tí jẹ́ẹ̀tì bá kọjá lókè ilé wa, ọkàn wọn máa ń kọ́kọ́ sọ pì. Èmi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Létí tèmi, ariwo jẹ́ẹ̀tì kàn jẹ́ ariwo ni. A jókòó, a sọ ọ́ pẹ̀lú Grandma, a sì fẹnu kò pé Àṣá ò ní gbé bọ́ǹbù kankan sábẹ́ apá rẹ̀, kódà bọ́ǹbù fóòmù. Grandma ní bẹ́ẹ̀ ló dáa. Ọ́ńkù náà ní ó dáa, nítorí ohun tí a ò bá gbé ò ní wúwo.

Ilẹ̀ wa níbí lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀

Ṣé ẹ mọ̀ pé inú county wa yìí ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ òfurufú? Pápá kan wà ní College Park tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1909, kò tíì dáwọ́ dúró. Ní gbogbo ayé, kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú tó pẹ́ tó o lẹ́nu iṣẹ́. Wilbur Wright fúnra rẹ̀ ló wá síbẹ̀ lọ́dún 1909 láti kọ́ àwọn ọ̀gá ológun. Lọ́dún 1911, àwọn ológun ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn síbẹ̀. Lọ́dún 1912, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yin ìbọn arọ̀jò-ọta láti inú ọkọ̀ òfurufú. Ilé àkójọ nǹkan àtijọ́ wà níbẹ̀ báyìí, ẹ sọ fún àwọn òbí yín kí wọ́n mú yín lọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn Wilbur àti Orville Wright ni pé nǹkan ìṣeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1878, bàbá wọn ra nǹkan kékeré kan bọ̀ wálé fún wọn, tí rọ́bà ń yí apá rẹ̀ tí ó sì ń fò sókè. Ọmọ ọdún 11 ni Wilbur nígbà yẹn, bí èmi gan-an. Nígbà tí wọ́n dàgbà, kí wọ́n tó ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó gbé èèyàn, wọ́n ṣe àpótí kan tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Lọ́dún 1901, wọ́n dán nǹkan bí apá kékeré 200 wò nínú rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní módẹ́ẹ̀lì kò ju nǹkan ìṣeré lọ, ẹ sọ fún un pé módẹ́ẹ̀lì ló kọ́ ayé ní fífò.

Ṣúgà kíṣínì yóò kọ́ yín ní ìṣirò

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwúwo. Ẹ mú páálí ṣúgà St. Louis, ṣùgbọ́n ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ mọ́mì yín o. Ẹ gbé horo kan kalẹ̀. Ìyẹn ni ọkọ̀ kékeré yín. Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: kí ó gùn ní ìlọ́po méjì, kí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kí ó ga ní ìlọ́po méjì. Horo mélòó lẹ máa lò? Ẹ máa rò pé 2 ni, àmọ́ 8 ni. Horo 4 nísàlẹ̀, 4 lókè.

Ṣé ẹ rí wàhálà tó wà níbẹ̀? Ìwúwo ti di ìlọ́po 8, àmọ́ àyè tó kan tábìlì nísàlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 4 péré. Horo kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ ń ru ara rẹ̀, ó tún ń ru ẹnì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú rí. Apá rẹ̀ ló ń rù ú nínú afẹ́fẹ́. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń tóbi sí i, ẹrù ń pọ̀ ju àyè apá lọ. Kí apá tó lè gbé ẹrù tó pọ̀, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sáré sí i. Ọkọ̀ tó bá sì ń sáré jù á ṣòro láti bà, tó bá forí sọlẹ̀, ó tán nìyẹn.

Ẹ wò ó pẹ̀lú F-16. Ti gidi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 49 àti ínǹṣì 5. A pín in sí ọ̀nà 8, ó di ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 2. Tí ti gidi bá gbé ẹrù kún, ìwúwo rẹ̀ lè tó páùn 37,500. Ìwúwo ò ní pín sí 8 péré, nítorí gígùn, fífẹ̀ àti gíga ló ń dín kù pa pọ̀. A máa pín in sí 8, ká tún pín in sí 8, ká tún pín in sí 8, ìyẹn 512. Èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi páùn 73. Apá ti gidi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 300 níbùú lóròó. Tiwa, a pín in sí 64, ó di nǹkan bíi 4.7. Tí a bá gbé páùn 73 lé apá kékeré yẹn, ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan máa ru ju páùn 15 lọ. Kò sí bí èèyàn ṣe lè dúró sórí koríko kí ó bà á jẹ́jẹ́. Ọ́ńkù ní a gbọ́dọ̀ mú un wá sí páùn 17, kí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan má ru ju nǹkan bíi 3.6 lọ.

Bí mo ṣe di akọ̀wé ìwúwo nìyẹn. Wọ́n fún mi ní ìwé kan àti òṣùwọ̀n tí mọ́mì fi ń wọn ìyẹ̀fun. Ohunkóhun tó bá máa wọ inú Àṣá, ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́wọ́ mi ná, títí dé orí ìdè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Gọ́ọ̀mù díẹ̀ níbí, wáyà tó gùn jù lọ́hùn-ún, kí ẹ tó mọ̀, páùn kan ti gorí ẹ̀. Bí a ṣe pín páùn 17 náà rèé: ara ọkọ̀ pẹ̀lú egungun rẹ̀, 6, bátìrì, 5, fáànù àti ẹ́ńjìnnì, 2.5, ẹsẹ̀ àti táyà, 1.5, rédíò, wáyà àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké, 1.5, ọ̀dà, 0.5. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ wò ó bóyá ó pé.

Egungun ni mo wí, kì í ṣe Egúngún

Ẹ ṣọ́ àmì ohùn yín níbí o! Egungun ni ti inú ara, Egúngún ni ará ọ̀run tó ń jó lọ́jà. Ọkọ̀ wa ní egungun.

A kọ́kọ́ ya àwòrán F-16 láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ bébà. A lẹ àwọn bébà náà pọ̀ lórí ilẹ̀ títí ó fi gùn bí ọkọ̀ náà ṣe máa gùn. Lẹ́yìn náà, a gé àwọn pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó rí bí òrùka, kékeré ní imú, ńlá ní àárín, kékeré ní ìrù. Ìyẹn ni egungun ìhà. A gbẹ́ ihò sínú wọn káàkiri, nítorí pákó tó bá wà níbi tí kò ti ṣiṣẹ́, ẹrù lásán ni. Tí ẹ bá rí egungun ẹyẹ rí, ẹ máa mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣófo. Ọlọ́run náà mọ ìṣirò yẹn.

Fóòmù ni awọ ara rẹ̀. Kì í ṣe fóòmù orí bẹ́ẹ̀dì o. Èyí tó le ni, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ògiri ilé kí òtútù má bàa wọlé, tí wọ́n ń tà ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Wáyà tí iná ń mú gbóná la fi ń gé e. Ó ń gé e bí ọ̀bẹ ṣe ń gé bọ́tà. Dádì nìkan ló ń di wáyà yẹn mú, fèrèsé á ṣí sílẹ̀, gbogbo wa á sì wọ ìbòmú, nítorí èéfín rẹ̀ ò dáa. Lẹ́yìn náà ni a fi sáńpépà ha á títí ó fi dán. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Apá ń dùn mí, àmọ́ ìwé ìwúwo mi ń dùn mọ́ mi, nítorí gbogbo eruku tó bọ́ sílẹ̀, ìwúwo ló bọ́ lára Àṣá.

Nínú apá, ọ̀pá káábọ́ọ̀nù kan gba inú ara ọkọ̀ kọjá láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Káábọ́ọ̀nù le bí irin, àmọ́ ó fúyẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń yípo lókè, apá máa ń fẹ́ ká sókè, ọ̀pá yìí ni kò ní jẹ́ kó ṣẹ́.

Fáànù, bátìrì àti òfin mọ́mì

Jẹ́ẹ̀tì gidi ń jó epo. Tiwa ń lo fáànù. Fáànù náà wà nínú ikùn ọkọ̀, nínú páìpù. Ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ẹnu tó wà lábẹ́ ọrùn F-16, ó sì ń tì í jáde nídìí. Tí ẹ bá fẹ́ bàlúùnù, tí ẹ ò so ẹnu rẹ̀, tí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ló ń ṣe? Afẹ́fẹ́ ń jáde sẹ́yìn, bàlúùnù ń sáré síwájú. Ohun kan náà ni.

Báwo la ṣe mọ̀ pé agbára rẹ̀ tó? Gbogbo ilé Nàìjíríà ló ní òṣùwọ̀n kékeré tó ní ìkọ́, èyí tí a fi ń wọn àpótí kí ó má bàa ju páùn 50 lọ tí a bá ń lọ sílé. A fi ìkọ́ rẹ̀ mú ìdí Àṣá, a so òṣùwọ̀n mọ́ òpó, dádì sì tan fáànù. Òṣùwọ̀n kà á sí páùn 18. Ọkọ̀ tó wúwo ní páùn 17, agbára tó ń tì í jẹ́ 18. Ọ́ńkù jó!

Bátìrì ló ń bọ́ fáànù náà. Yàrá 12 ló wà nínú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 3.7, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44.4. Tí fáànù bá ń yí tagbáratagbára, iná tó ń jẹ tó ti kẹ́tùlù omi gbígbóná bíi mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè pẹ́ lókè. Ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó tó.

Ibi tí eré ti parí nìyí. Irú bátìrì yìí lè gbaná tí nǹkan bá gún un, tàbí tí a bá fi iná kún inú rẹ̀ jù. Yàrá kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ ju fóòtì 4.2 lọ. Mọ́mì mi jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ti tọ́jú àwọn tí iná jó. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, mọ́mì kọ òfin mẹ́ta sára ògiri. Àkọ́kọ́, a ò gbọ́dọ̀ ṣájì bátìrì nínú ilé, gáréèjì ni, nínú àpótí irin. Èkejì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í títí ó fi kún. Ẹ̀kẹta, a ò gbọ́dọ̀ ṣájì lálẹ́ tí a bá fẹ́ sùn, nítorí àbúrò mi kékeré wà nínú ilé. Tí a bá rú ọ̀kan, iṣẹ́ parí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Iṣan rẹ̀ àti etí rẹ̀

Tí mo bá fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ọpọlọ mi á ránṣẹ́, iṣan mi á fà. Àṣá náà ní iṣan. Ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní servo ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá kékeré kan tó ń yí síbí, tó ń yí sọ́hùn-ún. Etí rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gbọ́ rédíò. Rìmóòtù tó wà lọ́wọ́ awakọ̀ ní ọ̀pá méjì. Tí ẹ bá fa ọ̀pá kan sẹ́yìn, àwọn abala ìrù méjèèjì á yí, imú á sì gbéra sókè. Tí ẹ bá tì í sí ọ̀tún, etí apá kan á lọ sókè, ti èkejì á lọ sísàlẹ̀, ọkọ̀ á sì fì sí ọ̀tún. Tí rédíò bá já, tí etí ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, fáànù gbọ́dọ̀ kú fúnra rẹ̀. A dán ìyẹn wò nílẹ̀ ní ìgbà 20 kí a tó gbà á gbọ́.

Ní ti F-16 gidi, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó má dúró jẹ́ẹ́, kí ó lè tètè yí. Kọ̀ǹpútà wà láàárín ọwọ́ awakọ̀ àti apá ọkọ̀, kọ̀ǹpútà yẹn ló ń mú un dúró. Tiwa ò ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ibi tí a gbé ẹrù sí nínú rẹ̀ ló máa mú un dúró.

Ẹ ronú nípa ìyá tó ru agbada ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà, tí kò fọwọ́ dì í mú. Kì í ṣe pé ẹrù rẹ̀ ò wúwo, ó mọ àárín ẹrù rẹ̀ ni. Àwa náà fi àmì sábẹ́ apá Àṣá níbi tí àárín rẹ̀ yẹ kó wà. Dádì fi ìka gbé apá kan, Ọ́ńkù fi ìka gbé èkejì, èmi ń ti bátìrì síwájú díẹ̀ díẹ̀, títí imú fi rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìrù lọ. Tí ìrù bá wúwo jù, ọkọ̀ á nàró lókè, á dúró, á sì já. Àwa ò tẹ òkúta mọ́ imú, nítorí òkúta náà á wúwo. Bátìrì tí a ti ní tẹ́lẹ̀ la sún.

Ohun kan ṣoṣo ló wà nínú Àṣá tí kò ṣiṣẹ́ kankan. Nínú ìjókòó awakọ̀, mo fi ère obìnrin kékeré kan sí, ó wúwo ní giráàmù 40. Dádì bi mí pé, "Akọ̀wé ìwúwo, èyí ńkọ́?" Mo sọ fún wọn pé Kafayat Sanni ni. Ní oṣù October ọdún 2019, òun ló di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa jẹ́ẹ̀tì ogun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà, Amẹ́ríkà níbí ló sì ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀. Dádì kọ giráàmù 40 sínú ìwé fúnra wọn.

Òfin òfurufú wa le ju ti ibòmíràn lọ

Ẹ máa rò pé tí ọkọ̀ bá ti parí, a kàn máa gbé e lọ sí pápá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ilé. Rárá o! FAA ni àjọ tó ń bójú tó òfurufú Amẹ́ríkà. Módẹ́ẹ̀lì tó bá ju páùn 0.55 lọ, a gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Dọ́là 5 ni fún ọdún mẹ́ta, ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 13 ò sì lè ṣe é fúnra rẹ̀, nítorí náà orúkọ dádì ló wà níbẹ̀. A kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ọkọ̀ níta. Ẹni tó bá máa fò ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní TRUST. Èmi náà ṣe é, mo yege. Ọkọ̀ náà tún gbọ́dọ̀ ní Remote ID, ẹ̀rọ tó ń kéde ibi tó wà, àfi ní àwọn pápá tí FAA bá fọwọ́ sí.

Níbi tí àwa ń gbé, òfin mìíràn tún wà. Òrùka ńlá kan yí Washington ká lókè, nítorí ààbò ìjọba. Láàárín máìlì 15, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi módẹ́ẹ̀lì fò láìgba àṣẹ pàtàkì. Clinton wà nínú rẹ̀. Àní ibi púpọ̀ nínú county wa wà nínú rẹ̀. Láàárín máìlì 15 sí 30, èèyàn lè fò, tí ọkọ̀ ò bá tó páùn 55, tí kò kọjá ẹsẹ̀ bàtà 400 sókè, tí ojú awakọ̀ ò sì kúrò lára rẹ̀. Ẹ rántí páùn 73 tí a ṣírò níṣàájú? Ìyẹn ti kọjá òfin pátápátá. Ìwúwo tún nìyẹn!

Ọkọ̀ tí a ṣe sábẹ́ ilé wa, tó jọ èyí tó ń kọjá lókè ilé wa, kò lè fò nílé wa. Ó kọ́kọ́ dùn mí. Àmọ́ nígbà tí mo ronú nípa June 4, 2023, ó yé mi. Àwọn tó ń ṣọ́ òfurufú ò lè mọ̀ láti òkèèrè pé Àṣá ò gbé nǹkan kan.

Ọjọ́ tí Àṣá fò

A tú apá rẹ̀, a gbé e sẹ́yìn mọ́tò ńlá tí Ọ́ńkù yá, a sì wakọ̀ lọ sí gúúsù Maryland, sí pápá ẹgbẹ́ kan tó wà lẹ́yìn òrùka máìlì 15. Grandma tẹ̀lé wa, wọ́n gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù dání. Mo wọn Àṣá nígbà ìkẹyìn: páùn 17 àti díẹ̀, giráàmù 40 ti Kafayat sì wà nínú rẹ̀.

Ọ́ńkù ló di rìmóòtù mú, nítorí ó ti ń fo módẹ́ẹ̀lì láti ọdún mẹ́wàá. Dádì ń wo òfurufú bóyá ọkọ̀ gidi ń bọ̀. Èmi ni mo ń ka àkókò. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Àṣá sáré lórí koríko, imú rẹ̀ gbéra, táyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó sì lọ! Ó yí sápá òsì, oòrùn tàn sí i lábẹ́. Lókè, èèyàn ò lè mọ̀ pé fóòmù ni. Mo ń pariwo, "Ìṣẹ́jú kan! Ìṣẹ́jú méjì!" Nígbà tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta àtààbọ̀, Ọ́ńkù mú un bọ̀. Ó bà, ó ta lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Grandma pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Èyí tó kọjá lọ́rùn mi yìí, ọkàn mi ò já."

Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ lónìí

Ẹ ò nílò abẹ́ ilé tàbí owó púpọ̀. Ẹ fi bébà ká ọkọ̀ òfurufú kan, ẹ jù ú, ẹ wo ibi tó balẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kílíìpù bébà kan sí imú rẹ̀, ẹ tún un jù. Ẹ gbé kílíìpù náà lọ sí ìrù, ẹ tún un jù. Ẹ máa rí i fúnra yín bí ìwúwo kékeré, níbi tó yẹ tàbí níbi tí kò yẹ, ṣe ń yí gbogbo nǹkan padà. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sínú ìwé. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe èyí tó tóbi ní ìlọ́po méjì, ẹ má gbàgbé horo ṣúgà 8.